Nítorí Fóònù Tí O Kì Í Pa Nínú Bàálù

Ìsàlẹ̀ Òsì, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

Rìsíkátù Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó ọ̀hún? Àwa náà ń bẹ níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kí ọ. Ó tún ní kí n má kọ ìwé gígùn, pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì ńlá kì í ráyè ka ìwé bàbá arúgbó. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n gígùn ni màá kọ ọ́. O mọ̀ mí, èmi kì í sábà kọ lẹ́tà. Láti ìgbà tí o ti kúrò nílé lọ sí ilé ìwé gíga, bóyá mẹ́ta péré ni mo ti kọ sí ọ, kò sì sí èyí tó ju ojú ìwé kan lọ nínú wọn. Nítorí náà, bí o bá rí i pé èyí pọ̀, kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Jókòó kà á tán kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó pé, tí o tún máa wọ bàálù lọ sí Kánò.

Kí n tó sọ èyí tó ń dùn mí, jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ Sátidé tí o wọ àdúgbò wa nínú mọ́tò tí wọ́n fún ọ níbi iṣẹ́, tí o gbé e gba ọ̀nà tóóró yẹn kọjá láìha ògiri ẹnikẹ́ni, inú mi dùn débi pé mo ṣe bí ẹni tí kò rí ọ. Àwọn aládùúgbò ní, "Bàbá Rìsí, ọmọ yín mà ló ń bọ̀ un." Mo ní, "Ọmọ wo?" Irọ́ ni mo ń pa. Láti inú yàrá ni mo ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà, mo sì ti dé fìlà mi sílẹ̀ kí o tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O gbé fóònù rẹ tí kò ní wáyà yẹn sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò mi. Nígbà tí ẹnìkan pè ọ́, kí fóònù náà tó dún rárá, rédíò mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó ń hó ṣìrìrì títí o fi gbé fóònù náà kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ ní, "Ẹ wò ó, àwọn méjèèjì ń jowú ara wọn." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo wá bi ọ́ bóyá bó ṣe máa ń ṣe nínú bàálù nìyẹn. O ní:

"Bàbá, wọ́n ní ká máa pa á o. Ṣùgbọ́n èmi ò pa á rí. Tí ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò bá bi mí, màá ní mo ti pa á, màá tì í sísàlẹ̀ báàgì mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ báyìí, ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Àwọn àlejò tó wà níjókòó tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Àṣàkẹ́. Ẹ̀rín tí mo rín yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ náà. Ó yẹ kí n pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ kí n bá ọ wí, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ ọ́. Wàá mọ ìdí rẹ̀ kí o tó ka ìwé yìí tán.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ni rẹ́wáyà Bẹ́ẹ̀rẹ̀ mọ̀ nípa bàálù. Òótọ́ ni. Mi ò wọ bàálù rí, ilẹ̀ ni mo ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n iná inú mọ́tò ni mo fi tọ́ yín, ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ, mo sì ti ṣe àṣìṣe tó pọ̀ nídìí rẹ̀. Àṣìṣe mẹ́ta ni mo fẹ́ kà fún ọ. Méjì kéré. Ọ̀kan kò kéré.

Èkínní. Rántí ìgbà tí àwọn mọ́tò tó ní bíréènì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú, ìyẹn àwọn tí àpótí kékeré kan ń bá ẹ́ńjìnnì wọn ronú. Tíṣà kan gbé tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó ní iná ẹ̀yìn rẹ̀ ò tàn. Mo tún un ṣe. Ó wá kù kí wẹ́dà òdìkejì títì bá a jó sàlẹ́ńsà rẹ̀ tó ti ya. Wẹ́dà náà bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká tú bátìrì kúrò ná?" Mo ní, "Kí lo fẹ́ tú u fún? Ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é ńkọ́?" Ó tan iná sí i. Láti ọjọ́ náà ni mọ́tò yẹn ti yadi. Kò ké, kò jí, kò dá wa lóhùn. Iná wẹ́dà ti gba inú irin wọ bíréènì, ó sì ti sun ún. Àfi ìgbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún tíṣà náà níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ogún ọdún mi, ogún ọdún àwọn mọ́tò àtijọ́ ni. Ohun tuntun dé, èmi ń fi ojú àtijọ́ wò ó. Nítorí náà, mọ́tò tí wọ́n fún ọ yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ohunkóhun mọ́ ọn. Ẹnìkan á ní òun fẹ́ fi aago olè sí i fún ọ, òmíràn á ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ orin tó ń dún rìnrìn kún un. Má gbà. Bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, gbé e lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ sáré bá ọ. Kódà bí èmi ni mo bá sáré bá ọ, bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ní tòótọ́.

Èkejì kò gùn. Nígbà tí o ń lọ ní Sọ́ńdè, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ń wò ọ́. O fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ọwọ́ kan lára ìdarí, ọwọ́ kejì ń wá nǹkan nínú báàgì. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, àfi pé kò sí fóònù nígbà náà. Orí mi wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo ń gbọ́ ibi tí wáyà ti ń ké, èmi náà ni mo sì ń wa mọ́tò. Kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Bẹyẹrúnkà ló dá mi dúró. Ìyá rẹ fi ṣe mí yẹ̀yẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ mi, ẹni tó ń pè ọ́ lè dúró. Bí kò bá lè dúró, ìwọ dúró. Yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí o gbọ́ tirẹ̀ tán, kí o tó máa lọ. Kọ́ńpìnnì tó fún ọ ní fóònù kò ní ọrùn míì láti fún ọ.

Ó wá kan ẹ̀kẹta.

Ọdún tí mo gba fíríì lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo ya ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. A ò tíì bí ọ. Nígbà náà, gbogbo awakọ̀ ló fẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì máa lọgun nínú mọ́tò òun, ìdí ni pé mọ́tò tí orin rẹ̀ bá ga ni èrò ń wọ̀. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ orin wá, wọ́n á gbé gbohùngbohùn mẹ́rin wá, a ó so ó mọ́ iná mọ́tò tí wọn kò ṣe fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kò ní pẹ́, fúùsì á jó.

O mọ fúùsì, o máa ń fi wọ́n ṣeré nígbà tí o wà lọ́mọdé. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kinní kékeré tó máa ń kọ́kọ́ kú kí mọ́tò má bàa kú. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé bí fúùsì bá jó, kí a má pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó bi í ohun tó pa á. Ọ̀rọ̀ yẹn gba sùúrù, àwọn awakọ̀ kò sì ní sùúrù. Mo wá rí ọgbọ́n kan dá. Mo máa ń bọ́ bébà fàdákà tó wà nínú páálí sìgá, màá fi wé fúùsì tó ti jó, màá tì í padà. Iná á kọjá, orin á máa lọ, kò sì ní jó mọ́ láéláé. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tèmi ló mọ́ jù, tó sì yá jù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí ní Kò-jó-mọ́. Láti Ọjà'ba títí dé Pópó Yemọja, awakọ̀ tí fúùsì bá ń yọ lẹ́nu, wọ́n á ní, "Lọ bá Kò-jó-mọ́." O ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu àwọn àgbà, o sì máa ń rò pé oríkì iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Oríkì ìtìjú ni.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ni Bàbá Gàní. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Gàní ti Pópó Yemọja, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ká kò. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, ó sì ń wa takisí. Mo wé fúùsì tirẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Làmídì, ìwọ nìkan lo mọṣẹ́ ní Ìbàdàn yìí."

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà. Ó kó èrò mẹ́rin ní Ọjà'ba, ìyá ọlọ́mọ kan wà nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń gun òkè Mápó, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ó tó dúró, iná ti sọ. Àwọn mẹ́ta bọ́ sílẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ náà wà lẹ́yìn, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ṣí. Bàbá Gàní padà sínú iná. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ilẹ̀kùn náà mú, irin tó ti gbóná, ó fà á títí tó fi já, ó sì gbé ìyá àti ọmọ jáde. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn, bí o ṣe mọ̀ ọ́n náà ni. Kò wa mọ́tò mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó lọ ń pe èrò ní gáréèjì, torí ohùn nìkan ló kù fún un láti fi ṣiṣẹ́.

Mo dé ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ pa iná náà. Nígbà tí wọ́n gbé Bàbá Gàní lọ, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yẹ mọ́tò wò. Bébà mi ṣì wà lára fúùsì. Gbogbo wáyà tó yí i ká ti yọ́, òun nìkan ló dúró. Àṣàkẹ́, mo yọ ọ́. Mo fi sápò. Ọkùnrin kan ní ó jọ pé epo ló jò. Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Ohun tí mo sọ nìyẹn, n kò sì tíì yí i padà títí di ọ̀sẹ̀ yìí. Abọ́ tí ìyá rẹ máa ń gbé ránṣẹ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí ìwọ náà gbé títí o fi dàgbà, o bi mí nígbà kan bóyá ẹbí wa ni. Mo ní rárá, sàráà ni. Ìyá rẹ pàápàá kò mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ ni, ìrì ni yóò wó o, mo mọ̀, mo kàn ń bẹ Ọlọ́run kí ìrì má tètè sẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ kọ ìwé yìí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kọ "Rìsíkátù ọmọ mi", ọwọ́ mi kò sì lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ pé kí o má purọ́ fún ọmọbìnrin inú bàálù? Mo bá dìde lọ́jọ́ Tàlátà, mo gba Pópó Yemọja lọ.

Iwájú ilé Bàbá Gàní ni mo ti bá a, ó ń fi ẹ̀yìn àtàǹpàkò ti tẹ̀sùbáà. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, kí ló dé. N kò dìde. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bébà, àpò, àti "ó jọ bẹ́ẹ̀". Mo rò pé ó máa ṣépè fún mi.

Ó ní, "Làmídì, mọ́tò mélòó lo wé irú ẹ̀ fún nígbà náà?"

Mo ní, "Bàbá, mi ò lè ka iye wọn."

Ó ní, "Lẹ́yìn tí tèmi jó, àwọn yòókù ńkọ́? Ṣé o wá wọn lọ, kí o bá wọn bọ́ ọ kúrò?"

Mo ní, "Mi ò lọ. Bí mo bá lọ, wọ́n á bi mí léèrè ìdí."

Ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Ọwọ́ mi yìí, mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́ tán, ó ti pẹ́. Àwọn awakọ̀ tí mo ń pe èrò fún lójoojúmọ́, tí wọn ò mọ ohun tó wà nínú mọ́tò wọn, ta ló bá wọn sọ tiwọn?"

Ó ní kí n máa lọ ilé. Kò ní òun dárí jì mí, kò sì ní òun kò dárí jì mí. Mo sọ fún ìyá rẹ nígbà tí mo délé. Ó sunkún, kò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, àfi pé ó ní kí n kí ọ, kí n má sì kọ ìwé gígùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn awakọ̀ ìgbà yẹn tí mo lè rántí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, ọ̀pọ̀ mọ́tò náà sì ti di irin àlòpatì. Bóyá mọ́tò míì nínú wọn náà jó, wọ́n sì ní epo ló jò. Èmi ò ní mọ̀ títí màá fi kú.

Bébà sìgá yẹn kì í jó ní ọjọ́ kejì, Rìsí. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì ló ń jó ni, ẹnikẹ́ni kò ní ṣe é. Ó ń lọ dáadáa fún oṣù kan, fún ọdún kan, olúwa rẹ̀ á sì máa pè é ní ọgbọ́n. Ìdí nìyẹn tí "ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ" tí o sọ yẹn fi kó mi láyà jẹ. Mi ò sọ pé fóònù rẹ máa já bàálù lulẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Bóyá kò lè ṣe é ní nǹkan kan rárá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo fi ojú ara mi rí i tí kinní kan tí wáyà kankan kò so mọ́ rédíò sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Awakọ̀ bàálù ní ohun tó ń gbọ́ létí nígbà tó bá ń wá ilẹ̀, ó ní ohun tó ń wò nígbà tí kùrukùru bá bo ojú. Bí nǹkan bá hó sí i létí ní ìṣẹ́jú yẹn ńkọ́? Àwọn tó ṣe bàálù náà ní kí a pa á. Bí kò bá dá àwọn gan-an lójú, kí ló wá dá ìwọ lójú? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Bí ogójì ènìyàn bá fi fóònù pamọ́ sínú báàgì, tí kálukú ní tòun nìkan kò lè ṣe nǹkan, ta ni yóò wá mọ èyí tó ṣe é?

Ẹni tó jókòó tì ọ́ kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ báàgì rẹ. Ìyá ọlọ́mọ tó wà lẹ́yìn kò mọ̀. Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ọ láìmọ̀ ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀mí tìrẹ nìkan. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ bí, ìwọ ni mo sì fẹ́ràn láti máa fi yangàn, ó sì wù mí kí ohun tí mo fi pamọ́ má di ogún tí o jẹ lọ́wọ́ mi.

Kò gbà ju kí o tẹ bọ́tìnnì kan. Tẹ̀ ẹ́ kí o tó gun àkàsọ̀, kí o wò ó títí iná ojú rẹ̀ fi kú. Bí ọ̀gá rẹ bá bínú pé òun pè ọ́ tí òun kò bá ọ, jẹ́ kó bínú. Bí ọmọbìnrin náà bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ tó bi ọ́, wò ó lójú kí o dá a lóhùn, torí òótọ́ ni wàá máa sọ.

Mo fi ìwé yìí rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Èkó ní òwúrọ̀ ọ̀la, mo sì ti ní kó má fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá wà ní ibi tí wọ́n ti ń gba ìpè ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́wàá, nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn ìwé yìí. Bí o bá ti balẹ̀ ní Kánò, pè mí. Má wulẹ̀ sọ fún mi pé o ti dé láyọ̀, màá ti gbọ́ ohùn rẹ. Sọ fún mi pé o pa á.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làmídì.